Kí Ló Lé Ọmọ Náà Wọ Igbó Iwin?

 

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù abanilẹ́rù tí àwọn ọmọ wa ń wò, babaláwo tàbí òrìṣà inú igbó ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹni burúkú. Ibo ni ẹ̀rù yìí ti wá?

Ní 1954, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìwé My Life in the Bush of Ghosts jáde ní London. Iwin inú ẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí. Àmọ́ kì í ṣe iwin ló lé ọmọ inú ìtàn náà wọ igbó o. Ọmọ ọdún méje ni, àwọn akónilẹ́rú ló ya wọ ìlú wọn. Ọdún 24 ló lò láàárín iwin. Nígbà tó máa fi jáde, wọ́n tún mú un lẹ́rú, wọ́n sì tà á fún ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀, tí kò dá a mọ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé èèyàn le ju iwin lọ!

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọmọdé ni nígbà náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Àwọn ará wa ló kó o, òyìnbó ló rà á. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó kó wọn lọ sí Sierra Leone.

Crowther yìí náà ló ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Inú Bíbélì yẹn, Èṣù ni wọ́n pe ọ̀tá Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí baba wa ń bọ ṣe di ohun ẹ̀rù, tí a sì gbàgbé àwọn tó kó wa tà.

Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Tutùọlá ti kọ ṣáájú, ní 1952, ọmọbìnrin kan tẹ̀lé ọkùnrin arẹwà kan kúrò lọ́jà. Àṣé ńṣe ló háyà ẹ̀yà ara! Ó ń dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ọlọ́jà: níbi tí ara èèyàn bá ti di ọjà, kò sí ohun tó bani lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2017, Jordan Peele, aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ṣe fíìmù Get Out, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń gba ara èèyàn dúdú láti máa gbé inú ẹ̀. Ọgbẹ́ kan náà ni.

Nígbà tí ìwé Tutùọlá jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ń tijú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, wọ́n ní òyìnbó á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń wo Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn ara wọn ń kọjá lọ.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá bi yín léèrè bóyá iwin wà, ẹ sọ ìtàn Òṣoògùn fún un.