Ipomoea pes-caprae

Ipomoea pes-caprae jẹ́ ìtàkùn tí ń wà láàyè láti ọdún dé ọdún, tí ó sì ń fà lórí yanrìn etí òkun ní àwọn ilẹ̀ olóoru káàkiri àgbáyé, títí kan etíkun Èkó. Ìran kan náà ni òun àti ọ̀dùnkún. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ń gbìn ín láti fi bo ilẹ̀ níbi tí iyọ̀, oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ kò ti jẹ́ kí koríko ọgbà yè. Iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ, àwọn ará Èkó sì nílò láti mọ ààlà yìí.

Orúkọ àti ìrísí

Linnaeus ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1753, lábẹ́ orúkọ Convolvulus pes-caprae. Ní 1818, Robert Brown gbé e sí ìran Ipomoea nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde nípa ìrìn-àjò Tuckey sí odò Kóńgò. Ìtumọ̀ pes-caprae ní èdè Látìnì ni ẹsẹ̀ ewúrẹ́, nítorí pé orí ewé náà là sí méjì bíi pátákò. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń dán. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò máa ń tanná ní òwúrọ̀, a sì pa dé nígbà tó bá di ọ̀sán.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ a wọlẹ̀ jìn lọ wá omi. Bí ìtàkùn náà bá sì ti ń fà lọ, oríkèé tó bá kan yanrìn tútù yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀. Báyìí ni ewéko kan ṣoṣo ṣe lè fà ju mítà 10 lọ, tí a bá sì gé e láàárín, apá méjèèjì lè máa yè. Yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbá lọ a máa kójọ sí abẹ́ ewé rẹ̀. Bí yanrìn bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò tún yọ sókè. Irúgbìn rẹ̀ lè léfòó lórí omi òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, ìdí nìyí tí a fi ń rí i ní etíkun tó jìnnà síra bí ti Èkó àti ti Thailand, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé rẹ̀ tọ́jú ara tí ẹran omi olóró bá ta.

Ewéko aláwọ̀ fàdákà ńkọ́?

Àwọn ìwé ọgbà tí a kọ fún etíkun California tàbí Gúúsù Áfríkà máa ń yin Dymondia margaretae, ewéko pẹrẹsẹ tí abẹ́ ewé rẹ̀ funfun bí fàdákà nítorí irun kéékèèké tó bò ó. Agbègbè Agulhas, ní ìpẹ̀kun gúúsù Áfríkà, ni ilé rẹ̀. Òjò ibẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Èkó, níbi tí òjò ọdún kan ti máa ń tó nǹkan bí 1,500 mìlímítà. Ewéko tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá lára mu lè jẹrà ní ilẹ̀ tí omi bá dúró sí. Etíkun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ kì í ṣe etíkun tiwa.

Gbígbìn

Ẹ̀ka tí a gé ni ó rọrùn jù láti gbìn. Kí ẹ̀ka náà ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a ri méjì mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn sì máa kan ibẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ gbin irúgbìn gbọ́dọ̀ fi ohun líle ha èèpo rẹ̀ kí ó tó rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, nítorí èèpo náà le. Kò bèèrè ajílẹ̀. Ibòji ni kò fẹ́.

Ní etíkun Èkó

Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ àwọn ògiri òkúta ẹnu èbúté Èkó. Ògiri wọ̀nyí dá yanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Ní oṣù Ògún 2012, ìgbì òkun ya wọ Kuramo, ó sì pa ènìyàn. Ìtàkùn yìí lè di yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé mú. Kò lè dá ìgbì tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ dúró.

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ jìnnà sí òkun ju kìlómítà 10 lọ, nítorí náà iyọ̀ kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Ooru kọnkéré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti àgbàrá nígbà òjò ni. Ìtàkùn náà bá ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi yanrìn dí mu, kò bá ilẹ̀ àbàtà mu.

Bèbè kánààlì ni kí a ṣọ́ra fún jù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2002, ohun ìjà tó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bú gbàmù. Bí àwọn ènìyàn ti ń sá lọ lóru, ọ̀pọ̀ wọn kó sínú kánààlì Òkè-Afa ní Ìsọlọ̀, tí koríko ojú omi, Eichhornia crassipes, ti bò débi pé ilẹ̀ ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú nínú ìjàǹbá náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ewéko mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n Ipomoea pes-caprae náà lè fà kọjá etí ilẹ̀ kí ó sì fi ibi tí bèbè parí sí pamọ́. Ẹni tó bá gbìn ín nítòsí kánààlì tàbí gọ́tà gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mítà kan sílẹ̀ láìbò, kí ó máa gé ìtàkùn tó bá kọjá ibẹ̀ lóòrèkóòrè, pàápàá ṣáájú òjò. A kì í da èyí tí a gé sínú omi, nítorí ó lè dí ojú ọ̀nà àgbàrá. Kí a sá a sórí kọnkéré títí yóò fi gbẹ.