Ìtọ́jú Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ fún Ẹni tí Oògùn Olóró Ti Di Bárakú Fún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Nínú ọ̀ràn oògùn olóró, agbára ni ìjọba Nàìjíríà kọ́kọ́ gbára lé. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lú ti wà nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí etí tó gbọ́ ọ. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn yìí, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò lónìí.

Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn dá ilé àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Yábàá. Ìhámọ́ ni ibẹ̀ jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n ń kó aláìsàn kúrò lójú títì, wọ́n sì ń tì í mọ́lé. Ní ọdún 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú. Àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn dàrú lójú ogun àgbáyé kejì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Láḿbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò. Ilé ìwòsàn tuntun náà kò tíì parí, ni ó bá ní kí àwọn ará abúlé àyíká gba àwọn aláìsàn sílé. Ẹbí aláìsàn kan, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa dáná fún un, láti máa fọṣọ rẹ̀, láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí ìtọ́jú bá parí lóòjọ́, aláìsàn a padà sí abúlé, a ṣe iṣẹ́ oko, a bá wọn jókòó níbi ayẹyẹ. Láḿbò gba àwọn adáhunṣe mọ́ra pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ inú ètò náà hàn gbangba: ẹni tí yóò padà gbé láàárín ènìyàn, àárín ènìyàn ni kí a ti wò ó sàn.

Àrò náà ni Dókítà Tọ́lání Àsúnì ti ṣe ìwádìí lórí igbó mímu, tí ó sì gbé e jáde ní ọdún 1964. Ojú àìsàn ni oníṣègùn fi ń wo ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ikú sí orí ẹni tí ó bá gbin igbó, tí ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí orí ẹni tí ó bá mu ún. Òfin ọdún 1984 tún mú ìjìyà ikú wá fún ẹ̀ṣẹ̀ oògùn olóró, a sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1985. Ìbínú gbalẹ̀; ní ọdún 1986 a yí ìjìyà náà padà. Ní ọdún 1989 ni a dá àjọ NDLEA sílẹ̀.

Ìbọn kò pa bárakú. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè àti UNODC gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn láti ọmọ ọdún 15 dé 64 ní ìpínlẹ̀ Èkó, bí 33 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, 14 ni. Alímọ̀ṣọ́ ni ìkànìyàn ọdún 2006 rí pé ó ní èrò jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, ènìyàn 1,277,714.

Láti Ìyànà Ìpájà, ọ̀nà márosẹ̀ lọ tààrà sí Abẹ́òkúta. Yábàá náà kò jìnnà. Ilé ìwòsàn méjèèjì ní ẹ̀ka fún ìtọ́jú bárakú. Ibi tí ìṣòro wà ni ọjọ́ tí ìtọ́jú ń gbà. Oògùn lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ti yí ibi tí ìfẹ́ àti ìpinnu ti ń wá nínú ọpọlọ padà, èyí kì í sì í tètè bọ̀ sípò. Àjọ ìwádìí oògùn olóró ti Amẹ́ríkà kọ́ni pé ìtọ́jú tí kò tó ọjọ́ 90 kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ọmọ bá ti ń jẹun, tí ó ń sùn, òbí a rò pé ó ti parí, a mú un lọ sílé. Owó tún ń tán, ojú aládùúgbò sì ń tini. Àwọn mìíràn a gbé ọmọ lọ síbi tí a ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin wèrè àtijọ́, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ lórí ara rẹ̀. Òfin kò lè dá nìkan ṣe é. Ìpinnu láti dúró títí ìtọ́jú yóò fi parí jẹ́ ti aláìsàn, ṣùgbọ́n Àrò ti fi hàn láti ọdún 1954 pé aláìsàn kì í dá dúró. Ẹbí tí ó bá a lọ, tí ó tún dúró tì í nígbà tí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ni ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Dókítà kò lè tẹ̀ lé e dé ìyẹ̀wù ní Ìgándò. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n ni ó wà níbẹ̀.