Ìwé Kíkà fún Ìgbádùn àti Tẹlifíṣọ̀n Wíwò nílẹ̀ Yorùbá, 1938 sí 1997

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn olùkọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n ni ó lé àwọn ọmọ kúrò nídìí ìwé, tí ó sì sọ ojú inú àti èdè wọn di aláìlágbára. Iṣẹ́ yìí yẹ èrò náà wò nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé tẹlifíṣọ̀n kò pa ìwé, ṣùgbọ́n kò lè gba iṣẹ́ ìwé ṣe.

Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ìtàn àròsọ mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e, Àdììtú Olódùmarè ti ọdún 1961 sì ni ó kẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ ni òǹkọ̀wé fi mọ iwin àti ẹbọra. Òǹkàwé ni ó ń fi ojú inú parí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìjọba kan náà ni ó dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ìwé ni ó bá wọlé. Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé eré Yorùbá dé orí rẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé ni púpọ̀ nínú èdè wọn ti wá, bí kò ṣe inú oríkì, òwe àti àwàdà ìgboro. Ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ni lédè kò rántí wọn.

Síbẹ̀, Ó Le Kú jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ ìtàn àròsọ náà jáde ní ọdún 1974; Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1997. Fún ọdún 23, òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ni ó ń ya Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sínú ọkàn ara rẹ̀. Nígbà tí fíìmù dé, ojú ọ̀pọ̀ wá di ojú kan. Aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ̀ gbòde, wọ́n sì ń pe irú rẹ̀ ní ‘ó le kú’. Agbára àwòrán nìyí: ó tètè dé ojú, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n iyèméjì inú Àjàní, tí ìwé fi gbólóhùn tú palẹ̀ fún òǹkàwé láti padà sí, ojú òṣèré ni fíìmù gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá sí ìwé náà, fíìmù náà kì bá tí sí.

Ìdájọ́ tí ó tọ́ nìyí: kànga méjì ni àwòrán Yorùbá ti ń pọn omi, ẹnu àwọn àgbà àti ìwé. Àwọn tí ó mọ oríkì lórí ń dín kù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún sọ ìwé Yorùbá di ohun ìdánwò lásán, tí ọmọ kì í kà á fún adùn rẹ̀, kànga kejì náà yóò gbẹ. Nígbà náà, àwòrán yóò wà, ṣùgbọ́n èdè tí yóò sọ kò ní í sí.