Obìnrin Inú Àwòrán Màmí Wọ́tà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkọ̀yà, àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ. Obìnrin ni, irun rẹ̀ kún, ó dúdú, ejò ńlá sì wé mọ́ ọn lára. Màmí Wọ́tà ni wọ́n ní kí a máa pè é. Àwa ọmọdé kì í wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Mo ti di àgbà kí n tó mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé Friedländer ní Hamburg, ilẹ̀ Jámánì, ni ó ti jáde, ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890. Obìnrin tó ń fi ejò ṣeré fún èrò ìwòran ni wọ́n yà; Maladamatjaute ni wọ́n ń pè é lójú agbo. Wọ́n tẹ àwòrán náà láti fi polówó eré rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún 1901, ó ti dé etídò wa débi pé wọ́n ti gbẹ́ ère àgbérù kan láti ara rẹ̀, tí J. A. Green, ayafọ́tò ọmọ Bonny, ya fọ́tò rẹ̀. Ní 1955, ilé iṣẹ́ Shree Ram ní Bombay tún tẹ ẹgbàá mẹ́fà (12,000) ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Kumasi. Mo gbà pé irú ẹ̀dà yẹn ni ti pálọ̀ náà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń sọ pé òyìnbó ló tàn wá jẹ. N kò fara mọ́ ọn. Ẹ wo àwòrán náà dáadáa: kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí ìrù ẹja, ìdajì ara òkè nìkan ni wọ́n yà. Ta ló wá fi omi kún un? Àwọn tó ti mọ Olókun tipẹ́ ni, àwọn tí ọrọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ti ọ̀nà òkun wá bá. Wọ́n rí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Mo sọ ìtàn Hamburg yìí fún ìyá aláṣọ náà kó tó kú. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ṣebí èèyàn ni Ayélála náà, ẹrú tí wọ́n fi rúbọ kí Ìlàjẹ àti aládùúgbò wọn lè bá ara wọn rẹ́? Ta ní ń pe ìyẹn nírọ́?”

N kò rí èsì fọ̀.