Ìjókòó márùn-ún tí Èkó ní n'Íbàdàn lọ́dún 1951: ta ló dínà mọ́ Zik?



Ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde nígbàkígbà tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé. Bí ọmọ wa kan bá ní òun fẹ́ dupò ní ìlú tí wọ́n bí i sí, wọ́n á ní kó lọ dù ú nílùú bàbá rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ fèsì, ẹnìkan á fò dìde, á ní, "Ṣebí ẹ̀yin Yorùbá náà lẹ lé Zik n'Íbàdàn ní 1951?" Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí èsì fọ̀ síyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Èkó àti Calabar ni wọ́n ti kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní Nàìjíríà. Òfin Clifford ti 1922 fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó fún Calabar ní ẹyọ kan. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè dìbò o. Ọkùnrin nìkan ni, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá tó £100 lọ́dún. Mélòó nínú àwọn oníṣòwò ayé ìgbà yẹn ló rí £100 lọ́dún? Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, ìyẹn NNDP, ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1923, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Macaulay fúnra rẹ̀ ò lè dupò, torí ìjọba ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n rí. Ẹgbẹ́ náà mú Èkó dání títí di 1938, tí Nigerian Youth Movement fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni Nnamdi Azikiwe ti bọ́ sójú ọpọ́n. Àwa tí a wà lájò ló yẹ kó mọ ìtàn ọkùnrin yìí jù. Zungeru ni wọ́n bí i sí ní 1904, ní Òkè Ọya níbí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn ológun. Ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Ìgbò, ó gbọ́ Yorùbá. Èkó ló ti ka díẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Èkó náà ló ti dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní 1937. Nígbà tó fi máa di 1947, wọ́n ti dín £100 yẹn kù sí £50, èèyàn púpọ̀ sí i sì lè dìbò. Àwọn mẹ́ta tí Èkó yàn lọ́dún náà ni Azikiwe, Adélékè Adédoyin àti Dókítà Ọlọ́runnímbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú orúkọ mẹ́ta yìí dání, a máa tún bá wọn pàdé níwájú.

Ní 1948 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú Ìgbò àti Yorùbá l'Ékòó. Ìwé ìròyìn tibí ń bú tọ̀hún. Ó le débi pé àwọn èèyàn ìhà méjèèjì ya wọ ọjà, wọ́n sì ra gbogbo àdá tó wà lórí àtẹ tán. (Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ á ti pa owó lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n irú ọjà àtàtán bẹ́ẹ̀ kọ́ la máa ń gbàdúrà fún.) Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ìjà náà rọlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni òfin Macpherson dé, tó kó Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n fún Èkó ní ìjókòó márùn-ún nínú ilé aṣòfin tó wà n'Íbàdàn. Wọ́n dìbò ní oṣù November 1951, NCNC sì kó márààrún: Azikiwe, Adédoyin, Ọlọ́runnímbẹ, T.O.S. Benson, àti H.P. Adébọ́lá tó jẹ́ aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ má sáré kọjá ibẹ̀ yẹn o. Yorùbá ló pọ̀ jù l'Ékòó. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àdá tán lọ́jà, Èkó tún dìbò fún Zik. Ẹni tó bá ní ará ìlú ló lé e, irọ́ ló ń pa.

Nínú àwọn márùn-ún náà, ọmọọba Rẹ́mọ ni Adédoyin, ọmọ Ìkòròdú ni Benson. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n lọ dupò nílé.

Ibi tí wàhálà ti wá nìyí. Kì í ṣe Ìbàdàn ni Zik ń lọ. Ilé aṣòfin gbogbo Nàìjíríà tó ń jókòó l'Ékòó lojú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin Macpherson, ìbò ará ìlú kọ́ ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ilé aṣòfin ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tó máa lọ látinú ara wọn, méjì péré nínú àwọn márùn-ún Èkó ló sì lè lọ.

Nígbà tí ilé pé n'Íbàdàn ní January 1952, Action Group ló pọ̀ jù. Àwọn mẹ́fà wọlé láti ìlú Ìbàdàn lábẹ́ Ibadan People's Party. Márùn-ún nínú wọn gba ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀ lọ, Adégòkè Adélabú nìkan ló dúró ti Zik. NCNC ní wọ́n jí èèyàn àwọn gbé. AG ní wọn ò fìgbà kan jẹ́ tiwọn. Wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀ dòní, èmi ò sì ní bá wọn dá sí i, torí pé èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ Zik gan-an ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

NCNC fẹ́ kí àwọn yòókù yọwọ́ kí Zik lè wà lára àwọn méjì tó ń lọ. Benson àti Adébọ́lá gbà. Ọlọ́runnímbẹ, tó ti di méyọ̀ àkọ́kọ́ fún ìlú Èkó ní 1950, kọ̀ jálẹ̀. Adédoyin náà ò kúrò níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì bá yọwọ́, èèyàn méjì ló kù fún ìjókòó méjì, AG ì bá máà ríbi fi ìbò wọn sí. Ṣùgbọ́n mẹ́ta dúró. AG wo olórí ẹgbẹ́ alátakò níwájú wọn, wọ́n wo ọmọ ẹ̀yìn méjì, wọ́n mú ọmọ ẹ̀yìn méjèèjì. Zik di ẹni tó jókòó n'Íbàdàn láìnídìí.

Mi ò sọ pé AG mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú rẹ̀ dáadáa, ẹni tó bá ní kò sí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ṣùgbọ́n òfin tó gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ará Èkó ló ṣí àyè náà sílẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ló sì fún AG lọ́bẹ.

Ohun tó tẹ̀lé e burú fún gbogbo ọmọ àjò. Zik kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn. Eyo Ita, ọmọ agbègbè Calabar, ló ń darí ìjọba níbẹ̀. Rògbòdìyàn 1953 sì gbé e lọ. Ní 1954 Zik di Premier ní Enugu. Awólọ́wọ̀ wà n'Íbàdàn, Sardauna wà ní Kaduna, kálukú ti wọ ilé bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1954 yẹn náà ni wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ìjókòó márùn-ún yẹn sì parẹ́. Síbẹ̀, ní àárín ọdún àádọ́ta sí ọgọ́ta yẹn, ará Enugu fi Umaru Altine, Fúlàní láti Sókótó, ṣe méyọ̀ wọn. A kì í sábà rántí ìyẹn.

Tiwa ńkọ́? Ẹ ṣí ìwé òfin 1999, abala 106, tó sọ ẹni tó lè lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (ọgbọ̀n ọdún ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù ní 2018), kó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Kò síbi tó ti bèèrè ìwé ọmọ onílùú. Minísítà ni òfin sọ pé kó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe aṣòfin. Èyí tó kù, "kí ẹgbẹ́ fà á kalẹ̀", òun ni ilẹ̀kùn. Ní 2015, Oshòdì-Ìsọlọ̀ Kejì àti Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn l'Ékòó rán Tony Nwulu àti Rita Orji, ọmọ Ìgbò méjèèjì, lọ sílé aṣòfin Àbújá. PDP ti kọ́kọ́ fà wọ́n kalẹ̀ kí ará ìlú tó dìbò fún wọn.

Àwa ń san owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú déédéé, a ń dáwó ìsìnkú, a ń dáwó ilé ìpàdé. Ṣùgbọ́n nínú wọ́ọ̀dù tí a ń gbé, mélòó nínú wa ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan? Ọjọ́ ìdìbò la máa ń jáde, nígbà tí àwọn tó jókòó ní wọ́ọ̀dù ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́ tipẹ́.

Ẹni tó bá mọ ibi tí ọmọ wa ti du kánsílọ̀ tàbí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Òkè Ọya, yálà ó wọlé tàbí kò wọlé, kó bá wa kọ ìlú náà, ọdún rẹ̀, àti ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀. Mo fẹ́ kó wọn jọ kí àwọn ọmọ rí i kà.