Ínhélà: bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí èémí mí kò tilẹ̀ ní ronú kan ọrọ̀ rárá. Bí yóò ṣe rí èémí mìíràn mí ni yóò máa wá. Ìdí nìyí tí ínhélà, ohun èlò kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, fi di ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ń jáde nílé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí ínhélà wà lápò, ọ̀tọ̀ ni kí oògùn inú rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóóró. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí oògùn náà fi ń parí sórí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn mìíràn sì wà tí ihò kékeré tí oògùn ń gbà jáde ti dí mọ́ lọ́wọ́, nítorí pé wọn kò fọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ pé oògùn náà kò ràn mọ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn kò dé ibi tí wọ́n rán an.

Àìsàn tí wọ́n ń lò ó fún

Àìsàn méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń lo ínhélà fún. Èkíní ni ikọ́ fée, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní asthma. Nínú àìsàn yìí, ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóóró máa ń wú, á sì fún pọ̀, pàápàá nígbà tí eruku, òtútù tàbí èéfín bá kan ẹni náà. Àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Ó máa ń wá, ó sì máa ń lọ.

Èkejì ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COPD. Ní ti èyí, ọ̀nà èémí àti àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóóró ti bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń mu sìgá ló máa ń mú jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Èéfín igi ìdáná náà ń fà á. Ìyá tó bá ti fi ogún ọdún yan gàrí tàbí ẹja nínú ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ lè ní in láìjẹ́ pé ó fi sìgá kan ẹnu rí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni COPD pa káàkiri ayé ní ọdún 2021, ó sì wà ní ipò kẹrin nínú àwọn ohun tó pa ènìyàn jù lọ ní ọdún náà.

Bí ínhélà alágolo ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí ínhélà òde òní tó dé, ohun èlò onígíláàsì tí wọ́n ń fún rọ́bà ìdí rẹ̀ ni àwọn oníkọ́ fée ń lò. Ó máa ń fọ́, ìwọ̀n oògùn tó sì ń jáde nínú rẹ̀ kì í dọ́gba. Ọmọbìnrin George Maison, tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ oògùn Riker Laboratories ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ń lò ó. Ìtàn sọ pé ọmọ ọdún 13 náà ló bi bàbá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí wọn kò lè fi oògùn òun sínú agolo bíi ti oògùn irun tí àwọn obìnrin ń fín sórí. Ìbéèrè ọmọdé yìí ló bí ínhélà alágolo àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1956. Ní ọdún 1969 ni salbutamol, oògùn tó ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ Ventolin.

Gáàsì CFC ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti ti oògùn jáde nínú agolo. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń ba ìpele ozone tó ń dáàbò bo ayé jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú Montreal ní ọdún 1987, èyí ló sì mú kí wọ́n fi gáàsì HFA rọ́pò rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń lo ínhélà lónìí, nítorí pé èyí tó ń lo HFA tètè máa ń dí bí wọn kò bá fọ ike rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ọ̀nà méjì ni ínhélà pín sí nípa iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀kan wà fún ìgbà tí èémí bá há, irú èyí tí salbutamol wà nínú rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Èkejì, tí oògùn steroid wà nínú rẹ̀, wà fún lílò lójoojúmọ́ kí ọ̀nà èémí má baà wú, bí ara tilẹ̀ le. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ikọ́ fée, GINA, ti sọ láti ọdún 2019 pé kò yẹ kí àgbàlagbà tó ní ikọ́ fée gbára lé salbutamol nìkan, nítorí pé ó ń tú èémí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo wíwú tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ínhélà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun, tàbí tí wọn kò lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀ ni yóò sọ iye ìgbà. Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí:

1. Kí aláìsàn jókòó ṣánṣán tàbí kí ó dìde dúró. Kí ó ṣí ìdérí, kí ó sì wo ẹnu ike náà dáadáa bóyá owó ẹyọ tàbí ìdọ̀tí wà níbẹ̀.
2. Kí ó gbọn ínhélà náà dáadáa.
3. Kí ó mí síta títí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú ínhélà.
4. Kí ó fi ẹnu ike náà sáàárín eyín, kí ó sì pa ètè dé yí i ká.
5. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ó tẹ agolo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì máa fa èémí náà lọ títí àyà rẹ̀ yóò fi kún.
6. Kí ó yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó pa ètè dé, kí ó sì pa èémí mọ́ra tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá bí agbára rẹ̀ bá gbé e.
7. Bí dókítà bá ní kí ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú tàbí ìṣẹ́jú kan, kí ó tún un gbọn, kí ó tó tún un tẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ kí ó tó máa fa èémí, tàbí kí ó fa èémí náà wàràwàrà. Ẹni tó bá lo èyí tó ní steroid gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu, kí ó sì tu ú dànù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun lè hù sórí ahọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè há.

Ìgò ike tó ń ran ínhélà lọ́wọ́

Àwọn ọmọdé àti arúgbó kì í sábà lè tẹ agolo kí wọ́n sì fa èémí lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo ike gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní spacer. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ oògùn sí, tí aláìsàn á sì fi ẹnu ìdí kejì mí sínú mí síta jẹ́jẹ́ nígbà bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Èyí tí wọ́n ń tà wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n Heather Zar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cape Town, ní South Africa, fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní ọdún 1999 pé ìgò ike mílílítà 500 tí wọ́n fi ń ta mínírà ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọdé bíi ti olówó ńlá náà. Ìdí ìgò náà ni wọ́n ń lu ihò sí, kí ó ṣe déédéé ẹnu ínhélà, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa jò. Ọrùn ìgò ni ọmọ á fi sẹ́nu. Ó dára kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fọ ike ínhélà salbutamol. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n yọ agolo kúrò nínú ike. Agolo náà kò gbọdọ̀ kan omi rárá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gba inú ike láti òkè fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n sì tún dà á gba ẹnu rẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú mìíràn. Kí wọ́n gbọn omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Kí wọ́n má ṣe yan án lórí iná. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá ìṣáná gún ihò rẹ̀, nítorí bí ihò náà bá fẹ̀, oògùn kò ní jáde bó ṣe yẹ mọ́. Bí èémí bá há kí ike tó gbẹ, kí wọ́n gbọn omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n dá agolo padà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì lò ó.

Spacer ní tirẹ̀, omi ọlọ́ṣẹ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Wọn kì í fi aṣọ nù ún. Fífi aṣọ nu inú rẹ̀ ń jẹ́ kí oògùn lẹ̀ mọ́ ara ike.

Kì í ṣe gbogbo ínhélà ni wọ́n ń fọ̀. Àwọn kan wà tí iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n ní kí wọ́n má ṣe yọ agolo wọn, bíi Seretide alágolo. Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń nu ẹnu wọn. Àwọn tó jẹ́ oníyẹ̀fun kò gbọdọ̀ rí omi rárá, nítorí yẹ̀fun náà á dì. Àwọn wọ̀nyí kò ní agolo tí wọ́n ń tẹ̀, kíákíá àti pẹ̀lú agbára ni wọ́n sì ń fa èémí wọn.

Ìgbà tí oògùn bá tán

Ínhélà salbutamol tó wọ́pọ̀ ní oògùn ìgbà 200 nínú. Bí oògùn bá tán, gáàsì lè ṣì máa jáde, kí ó sì máa dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyí. Àwọn kan máa ń ju agolo sínú omi láti mọ̀ bóyá yóò léfòó, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì lè mú kí ẹnu agolo dí. Ẹni tí ínhélà rẹ̀ kò ní òǹkà lára ni kí ó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó sára rẹ̀, kí ó sì máa ṣírò rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi agolo náà sílẹ̀ nínú oòrùn tàbí nínú mọ́tò tó gbóná, kí wọ́n má sì ṣe jù ú sínú iná, nítorí ó lè bú gbàù.

Bí aláìsàn bá ti fa salbutamol tó ìgbà mẹ́wàá, tó ń sinmi díẹ̀ láàárín wọn, tí kò sì sí ìyàtọ̀, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kò sí àsìkò láti máa wò ó níran mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, iléeṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé ẹ̀ka òun ní Nàìjíríà yóò dẹ́kun títa oògùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìkéde náà, owó Ventolin àti Seretide ga sókè, ó sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ń wá kiri kẹ́mísì. Nígbà tí nǹkan bá wọ́n báyìí, gbogbo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ tí kò dé ẹ̀dọ̀fóóró, owó ló ṣòfò. Omi tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti sùúrù láti fa èémí jẹ́jẹ́ kò ní kí ènìyàn ná kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń jẹ́ kí oògùn tí wọ́n fi owó iyebíye rà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí èémí bá há.