Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ ní Agbo Ilé Onílàǹtànà ní Ìlọrin

Kí ilé-ìwé tó dé, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀rí kan ni ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà ti Ìlọrin. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn kan nínú àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ gbé ọgbọ́n náà wá sí Ìlọrin. Òkúta pupa tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti Òkè Ọya ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń dá lu, tí wọ́n sì ń lọ̀ títí yóò fi máa dán. Òkúta náà wọ́n. Bí ọmọṣẹ́ bá ṣì í lù, ó fọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀bá àgbà ni ọmọ ń jókòó sí, ojú àti ọwọ́ ni ó sì fi ń gba ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1938, J. D. Clarke ṣe àpèjúwe iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn Nigeria. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè rọ́pò ọwọ́. Nígbà tí ayédèrú ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti Yúróòpù gba ọjà, àwọn ọmọ wá iṣẹ́ mìíràn lọ, ìmọ̀ náà sì ń bá àwọn àgbà lọ. Àwọn ahunṣọ Ìlọrin, ní tiwọn, gba òwú tí ẹ̀rọ ran mọ́ iṣẹ́ wọn. Aṣọ òkè wọn wà títí di òní. Agbo ilé tí ó kọ́ ọmọ ní ohun àtijọ́ ṣe dáadáa; èyí tí òun fúnra rẹ̀ tún ń kọ́ ohun titun ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pẹ́ láyé.